Ọjọ́ tí Bàbá Ìbejì dá kó ọmọ mẹ́ta bọ̀ láti Iléṣà, ojú ẹ̀ rí màbo ní títì márosẹ̀

Ẹni tó bá mọ títì márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó dáadáa, bí wọ́n bá ní kó sọ ohun tójú ẹ̀ ti rí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Ẹlòmíì ti sùn sójú ọ̀nà yẹn mọ́jú rí. Ẹlòmíì ti pa ọkọ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tó fẹsẹ̀ rìn wọ Èkó. Ṣùgbọ́n ti ọkùnrin kan tó ń gbé ní Ìjú, l'Ékòó, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Ìbejì, yàtọ̀ díẹ̀. Ọkọ̀ ò gbókìtì pẹ̀lú ẹ̀, adigunjalè ò dá a lọ́nà, síbẹ̀ bó ṣe ń wọlé lóru ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹjọ, ọdún 2019, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n ni.

Kẹ́ ẹ tó lè mọ ohun tó fà á, ẹ ní láti kọ́kọ́ mọ irú èèyàn tó jẹ́. Apápá ló ti ń ṣiṣẹ́, lọ́dọ̀ àwọn tó máa ń bá oníbàárà gba ẹrù jáde ní èbúté. Gbogbo ẹni tó bá Apápá da nǹkan pọ̀ lásìkò yẹn ló mọ bí àwọn tírélà àti táńkà ṣe ń tò láti Mile 2 lọ, tí wọn kì í jẹ́ kí èèyàn rọ́nà kọjá. Ago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni Bàbá Ìbejì máa ń jáde nílé. Bó bá fi máa padà dé, ago mọ́kànlá alẹ́ ti ń lọ lù, àwọn ọmọ ti sùn fọnfọn. Bó bá di Sátidé, bí kò bá sí níbi ìnáwó òkú, á wà níbi ìgbéyàwó. Sọ́ńdè nìkan làwọn ọmọ ń rí i, ìyẹn náà, tó bá ti jẹun ọ̀sán tán, orí àga ló máa sùn sí, tẹnu ẹ̀ á là sílẹ̀ gbàgàdà. Kì í ṣe pé ó burú o. Owó ilé ìwé ò já lọ́wọ́ ẹ̀ rí, oúnjẹ ò wọ́n nílé ẹ̀. Àwọn ọmọ mẹ́ta ọ̀hún náà ló ń torí ẹ̀ jí jáde lóru.

Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti ń ṣèlérí pé òun máa kó wọn lọ wo omi Ìkọ́gòsí l'Ékìtì. Lọ́dún 2019 yìí ni ọ̀gá ẹ̀ yọ̀ǹda ọ̀sẹ̀ kan fún un. Ìyàwó ẹ̀, nọ́ọ̀sì ni, ọjọ́ mẹ́rin péré lòun rí gbà lẹ́nu iṣẹ́ tiẹ̀. Wọ́n bá kó sínú ọkọ̀, ó di Ìkọ́gòsí.

Ẹ̀yin tẹ́ ò bá tíì débẹ̀ rí, omi méjì ló ń ṣàn níbẹ̀, ọ̀kan gbóná, ọ̀kan tutù. Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń ṣàn bọ̀ kí wọ́n tó wá pàdé, èèyàn sì lè ki ẹsẹ̀ kan bọ gbígbóná, kó ki èkejì bọ tútù. Táyé ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ títí ọmọ ìka ẹ̀ fi hunjọ bíi ti arúgbó. Wọ́n tún yà lọ wo Olúmirìn, omi tó ń ti orí àpáta já wálẹ̀ ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ìpele méje ni wọ́n ní ó ní. Ìpele kejì ni Bàbá Ìbejì ti jókòó tó ní òun máa ṣọ́ bàtà gbogbo wọn.

Ìgbà tó di Wẹ́sìdeè, wọ́n lọ sílé ìyá ẹ̀ ní Iléṣà. Ọjọ́ kejì ni ìyàwó ẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì padà s'Ékòó, torí pé iṣẹ́ alẹ́ ló kàn án láti ọjọ́ náà lọ. Kó tó lọ, ó bi ọkọ ẹ̀ pé, "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ máa lè dá kó wọn bọ̀ báyìí?"

Bàbá Ìbejì rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mẹ́ta péré? Èmi tí mò ń bá àwọn dírébà tírélà fà á lójoojúmọ́?"

"Ó dáa. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa nílò wà nínú báàgì aláwọ̀ ewé yẹn o. Ẹ má gbé e jìnnà sí yín."

Bọ́ọ̀lù ni Bàbá Ìbejì ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà tí ìyàwó ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ yìí. Ó ní òun ti gbọ́.

Ago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé ló fi sọ́kàn pé àwọn máa gbéra. Ṣùgbọ́n ta ló tó bẹ́ẹ̀ tó máa kúrò nílé ìyá àgbà lágo mẹ́jọ? Bí wọ́n ṣe ń di ẹrù sínú bútù lọ́wọ́ ni Ìyá àgbà ń gbé òmíràn jáde. Iṣu mẹ́wàá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìdì méjì. Gàrí, epo pupa nínú kẹ́ẹ̀gì, obì tí wọ́n fi ewé dì. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, mama tún fa àgbébọ̀ adìẹ kan jáde nínú agbọ̀n, wọ́n ní ti Kẹ́hìndé ni, pé òun ló ń fún un lágbàdo jẹ látijọ́ tí wọ́n ti dé. Ẹ máa sọ fún ìyá yín pé ẹ ò fẹ́ kẹ̀? Ago mọ́kànlá kọjá kí wọ́n tó fi Iléṣà sílẹ̀, báàgì aláwọ̀ ewé sì ti wà nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ iṣu.

Wọn ò tíì dé Ilé-Ifẹ̀ tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n ń jà sí. Táyé ní òun lòun kọ́kọ́ wáyé, òun lòun máa jókòó síbẹ̀. Kẹ́hìndé ní irọ́ ni, Ìyá àgbà ti sọ fún àwọn pé òun lẹ̀gbọ́n, òun lòun rán Táyé pé kó lọ bá òun wo ayé wò. Ọmọ ọdún mẹ́fà làwọn méjèèjì o. Àbẹ̀kẹ́, ẹ̀gbọ́n wọn, ẹni ọdún mọ́kànlá, ló là wọ́n: ó ní Táyé máa jókòó síbẹ̀ dé Ìbàdàn, Kẹ́hìndé á sì gbà á láti Ìbàdàn dé Èkó. Bàbá wọn ń wò ó nínú gíláàsì ọkọ̀, ẹnu ń yà á. Kò mọ ìgbà tí ọmọ yìí dàgbà tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ṣàkíyèsí. Bí Kẹ́hìndé bá fẹ́ nǹkan, kì í bá òun sọ ọ́. Etí Àbẹ̀kẹ́ ló máa sọ ọ́ sí, Àbẹ̀kẹ́ á wá gbé e jáde: "Dádì, Kẹ́hìndé fẹ́ tọ̀." "Dádì, Kẹ́hìndé ní òùngbẹ ń gbẹ òun." Bíi ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń gba ọ̀dọ̀ tíṣà bá ọ̀gá ilé ìwé sọ̀rọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, ó rín in lẹ́rìn-ín. Ìgbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, kò pa á lẹ́rìn-ín mọ́.

Ní Ìkirè, ó ra dòdò fún wọn, irú èyí tó dúdú tó ń ta lẹ́nu yẹn. Táyé jẹ tiẹ̀, ó jẹ ti Kẹ́hìndé mọ́ ọn, nígbà tí wọ́n fi máa dé Àṣẹ́jìre, ó ti bì í padà sórí ìjókòó. Bàbá Ìbejì páàkì, ó fi omi inú ọ̀rá mẹ́fà fọ ìjókòó, síbẹ̀ òórùn náà ò lọ. Kò rò ó pé kí ló dé tí Kẹ́hìndé ò fi jẹ dòdò tiẹ̀. Ìyá wọn ì bá ti béèrè lójú ẹsẹ̀. "Ṣé a ti dé?" ni Táyé ń bi í láti ìgbà náà lọ. Wọ́n dé Ìwó Róòdù, "Ṣé a ti dé?" Wọ́n dé ibi tí àwọn èèyàn ń pè ní tóògéètì títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń gbowó níbẹ̀ mọ́, "Ṣé a ti dé?" Ọkùnrin yẹn dáhùn títí, nígbà tó yá, kò dáhùn mọ́.

Àṣé ọ̀rọ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1978 ni wọ́n ṣí títì márosẹ̀ yẹn, gbogbo ẹ̀ kò ju bíi kìlómítà 127 lọ. Àwọn àgbà tó wakọ̀ níbẹ̀ nígbà tó ṣì jọ̀lọ̀ máa ń sọ pé wákàtí kan àti díẹ̀ ti tó èèyàn láti Ìbàdàn wọ Èkó. Ìgbà tó bàjẹ́ tán, lọ́dún 2013, ìjọba Ààrẹ Goodluck Jonathan ní kí wọ́n máa tún un ṣe. Lọ́dún 2019, ọdún kẹfà rèé, wọ́n ṣì ń tún un ṣe. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n á fi búlọ́ọ̀kù kọ̀ǹkéré dí apá kan, ọkọ̀ tó ń lọ àtèyí tó ń bọ̀ á jọ máa du ojú kan ṣoṣo. Ẹ wá fi àwọn tírélà tó máa ń páàkì rẹrẹ ní Ògèrè kún un, kẹ́ ẹ fi èrò àwọn ilẹ̀ àdúrà kún un, ti onígbàgbọ́ àti ti mùsùlùmí, tó wà lójú ọ̀nà yẹn lọ́tùn-ún lósì. Àwọn dánfó tó máa ń gba inú ẹrẹ̀ yà wá síwájú ẹni, ìyẹn ò ṣe é sọ.

Ago mẹ́rin kọjá díẹ̀ ni wọ́n dé Mowé, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti dúró gbọin. Nígbà tó ṣe, wọ́n rìn díẹ̀, wọ́n tún dúró. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ náà nìyẹn. Oòrùn ń ta, ẹ̀rọ tó ń sọ nípa bí ọkọ̀ ṣe gbóná tó ti ń lọ sókè, Bàbá Ìbejì pa AC, ó ní kí wọ́n ṣí fèrèsé. Àwọn ọmọ tó ń ta gàlá àti omi tútù ń sáré kiri láàárín ọkọ̀. Adìẹ ń ké nínú bútù.

Nígbà tó yá, inú ọkọ̀ dákẹ́. Táyé ti sùn. Àbẹ̀kẹ́ wá sọ pé, "Dádì, ara Kẹ́hìndé gbóná gan-an ni o."

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn kàn án. Haa! Bíi ààrò ni. Ọmọ ò sunkún, ojú ẹ̀ kàn pọ́n, ó ń gbọ̀n. Ó fa fóònù yọ, ó pe ìyàwó ẹ̀. Kò gbé e. Ó tún pè. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Oorun ni obìnrin yẹn ń sùn, torí pé gbogbo òru lòun máa fi dúró. Bàbá Ìbejì bẹ̀rẹ̀ sí í ro àwọn ìtàn gìrì tó ti gbọ́ láti kékeré. Ní Apápá, ẹrù tó há sọ́wọ́ kọ́sítọ̀ọ̀mù fún oṣù mẹ́ta, ó mọ ẹni tó máa pè. Lọ́jọ́ yìí, kò mọ ẹnì kan.

Ó rápálá dé Ìbàfò, ó fi agídí yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó gbé Kẹ́hìndé kọ́ èjìká, ó ní kí Àbẹ̀kẹ́ di Táyé lọ́wọ́ mú, wọ́n wá kẹ́míìsì kan kàn. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ fọwọ́ kan ọmọ náà lórí. Ó bi í pé kílò mélòó ni. Bàbá Ìbejì ò mọ̀. Ó ní ṣé oògùn kankan wà tí ara ẹ̀ kì í gbà. Bàbá Ìbejì ní rárá, kò sí. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn o, láìfòyà. Ọmọkùnrin náà bá kó oògùn ibà kan sílẹ̀, ó ní kó fún un lójú ẹsẹ̀, ó bù omi sí kọ́ọ̀pù. Bàbá Ìbejì sanwó, ó já oògùn, ó ti ní kí Kẹ́hìndé la ẹnu.

"Dádì, ẹ dúró!"

Àbẹ̀kẹ́ ti mú páálí oògùn náà dání, ó ń kà á. "Sulfa ló wà nínú eléyìí. Mọ́mì ní Kẹ́hìndé ò gbọ́dọ̀ lò ó. Ìgbà tó lò ó, ojú ẹ̀ wú, ètè ẹ̀ bó, kò lè mí dáadáa."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Ìgbà tá a gbé e lọ ọsibítù lóru. Ẹ wà ní Apápá, ẹ ò lè wálé lọ́jọ́ yẹn."

Ó rántí pé lóòótọ́ ni, wọ́n pe òun, wọ́n ní ara ọmọ ò yá. Ìgbà tóun padà dé lọ́jọ́ kejì, ara ẹ̀ ti yá, òun ò sì béèrè ohun tó ṣe é.

"Oògùn tiẹ̀ wà nínú báàgì aláwọ̀ ewé," ni Àbẹ̀kẹ́ wí.

Àwọn èrò tó há sójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà ló jókòó sínú ọkọ̀ wọn wo ọkùnrin kan tó ń kó iṣu sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ìbàfò bíi ẹni tó fẹ́ pàtẹ. Àwọn kan tiẹ̀ ń bi í pé èló ni mẹ́ta. Ó kó iṣu, ó kó ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó gbé adìẹ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó kan báàgì náà nígbẹ̀yìn. Páráàsítámọ́ọ̀lù olómi wà nínú ẹ̀, wọ́n fi rọ́bà di ìwé kan mọ́ ọn lára. Ọwọ́ ìyàwó ẹ̀ ni: "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á. Bí ara wọn bá gbóná, ṣíbí méjì fún Táyé, ṣíbí méjì fún Kẹ́hìndé, ṣíbí tó wà nínú páálí ni o. Ẹ tún fi wákàtí mẹ́fà sí i kẹ́ ẹ tó fún wọn ní òmíràn. Kẹ́hìndé ò gbọ́dọ̀ lo sulfa." Ó ti fa ìlà sábẹ́ èyí tó gbẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì.

Ó fún ọmọ lóògùn, ó bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn ẹ̀, ó fún un lómi mu. Ìyá kan sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tó wà níwájú wọn, ó ń fi aṣọ fẹ́ ọmọ náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́, ó ń sọ pé, "Ó máa rọlẹ̀, bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀." Ìyá yẹn náà ló bá a da iṣu padà sínú bútù. Iṣu mẹ́sàn-án ló padà o. Ta ló máa torí ìyẹn jà?

Ago mẹ́fà kọjá ni ìyàwó ẹ̀ pè. Ó ti rí i pé wọ́n pe òun lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, ohùn ẹ̀ ti yí padà. Bàbá Ìbejì ní kó fọkàn balẹ̀, ara Kẹ́hìndé ló gbóná, òun ti fún un lóògùn.

"Oògùn wo?"

"Èyí tó o kó sínú báàgì."

Kò sọ ti kẹ́míìsì. Ó bojú wo Àbẹ̀kẹ́ nínú gíláàsì. Ọmọ náà ń wo ìta, ó ṣe bíi ẹni tí kò gbọ́.

Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó súnmọ́ Kara, níbi tí wọ́n ti ń ta màlúù. Kẹ́hìndé ti ń làágùn, ara ẹ̀ ti ń rọlẹ̀. Ó jí, ó béèrè adìẹ òun. Lẹ́yìn náà, ó bá bàbá ẹ̀ sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

"Dádì, bó bá jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, ibo lẹ máa ń sùn sí?"

"Ilé ni."

"Ilé wa?"

"Ilé wa ni. Bí mo bá fi máa dé, ẹ ti sùn. Ẹ ò sì tíì jí tí mo ti máa ń lọ."

Kẹ́hìndé ro ó fún ìgbà díẹ̀. Táyé ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, pé òun gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ lóru ọjọ́ kan, òun rò pé olè ni. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Ìbejì náà rẹ́rìn-ín, ó sì rọra kọjú síwájú, ó ń wo iná ẹ̀yìn tírélà tó wà níwájú ẹ̀. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè: kí ló wà nínú kọ̀ǹténà, ta ni í gbé e kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi, ṣé ọkọ̀ ojú omi tóbi ju ilé àwọn lọ. Ó ń ṣàlàyé fún wọn. Nǹkan bíi wákàtí méjì gbáko ni wọ́n fi wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó béèrè bóyá àwọn ti dé.

Ago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n wọ Ìjú. Ìyàwó ẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́ alẹ́, ó gbé oúnjẹ sórí tábìlì dè wọ́n, ó fi àwo dé e. Bàbá Ìbejì ló wẹ̀ fún wọn, òun ló wá aṣọ oorun, kò mọ àpótí tó wà, Àbẹ̀kẹ́ ló ń júwe fún un. Ìgbà tó tún lọ kó ẹrù, ó bá ẹyin kan nínú agbọ̀n adìẹ. Ó gbé ìjókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Kẹ́hìndé, ó ń fọwọ́ kàn án lórí títí ilẹ̀ fi mọ́.

Àárọ̀ Sọ́ńdè ni ìyá wọn dé, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ Kẹ́hìndé wò, ibà ni, ó fún un ní oògùn tí ara ẹ̀ ń gbà. Lẹ́yìn tí wọ́n jẹun tán ni Bàbá Ìbejì fẹnu ara ẹ̀ sọ ti kẹ́míìsì Ìbàfò fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́. Obìnrin náà gbé abọ́ tó ń fọ̀ sílẹ̀. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. "Ta ló dá yín dúró?" Ó ní Àbẹ̀kẹ́ ni. Kò tún sọ nǹkan kan mọ́, ó lọ sí yàrá àwọn ọmọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn èèyàn ló gbé dání. Kẹ́hìndé gùn ún. Kílò 19. Bàbá Ìbejì kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì epo mọ́tò, ó kọ sulfa sísàlẹ̀ ẹ̀, ó kì í bọ àpò owó.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, ago mẹ́rin ló jí bíi ti tẹ́lẹ̀. Kó tó jáde, ó tan iná yàrá àwọn ọmọ. Kẹ́hìndé la ojú kan.

"Dádì, ẹ ti ń lọ?"

"Mò ń lọ."

"Ó dàárọ̀ o," ló wí, ó sì tún sùn lọ. Bàbá Ìbejì pa iná, ó ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́. Ago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú kó tó kúrò ní Ìjú, bó sì ṣe máa fi dé Mile 2, àwọn táńkà ti dí ọ̀nà pa.